Ẹ Yé Bomi Rin Ín Lójoojúmọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ní Àgọ́ Ọ̀rá Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ẹni tí a kọ ìwé yìí fún ti mọ bí wọ́n ṣe ń wú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, bí wọ́n ṣe ń bẹ́ ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun, bí wọ́n ṣe ń ṣí èèpo rẹ̀ ní ìpele-ìpele kí ojú tó fẹ́ hù lè yọ síta, àti bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ la àárín rẹ̀ ní àgbélébùú kí ó má baà dá nìkan ga. A kò ní tún ìyẹn kọ́ yín. Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí ni àwọn àgọ́ ọ̀rá, ìyẹn àwọn ibùsùn èérún pákó tí a fi ọ̀rá bò, tí a ń gbin ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí kó lè bí ọmọ púpọ̀, tí a ṣí lásìkò òjò tí òórùn wọn lé wa sẹ́yìn. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti jẹrà, ó ti rọ̀, omi rẹ̀ ń rùn. Àwọn kan ní irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni kò dára. Àwọn kan dá ẹni tó ta ọ̀rá fún wọn lẹ́bi. A tilẹ̀ rí ẹni tó ní ayé ló ń ṣe òun. Omi ni, omi tí ẹ fi ọwọ́ ara yín bù sí i láràárọ̀.

Kamẹrúùnù ni ọgbọ́n yìí ti gbilẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, sì wà lára àwọn tó fi kọ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìdí kan ṣoṣo tí a bá tọ́jú dáadáa nínú àgọ́ lè bí ogún ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù mélòó kan. Nítorí náà, bí ìdí kan bá jẹrà, kì í ṣe ìdí kan lẹ pàdánù.

Àṣà tí a mú wá láti nọ́sìrì kòkó àti ata ló ń dà wá láàmú. Ní nọ́sìrì gbangba, oòrùn àti afẹ́fẹ́ a máa gbé omi lọ, ẹni tí kò bá bomi rin láàárọ̀ lálẹ́ á jìyà rẹ̀. Àgọ́ ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó bá gbéra nínú èérún pákó, ara ọ̀rá ni yóò lọ bá, yóò di òógùn síbẹ̀, yóò sì kán padà sílẹ̀. Èyí tí ẹ dà sí i lọ́jọ́ Ajé, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá wá ń da garawa kan sí i lójoojúmọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ojú òkè èérún pákó a máa gbẹ, a sì máa funfun, nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì rin gbindin. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un gidi. Bí omi bá ń ṣàn gba àárín ìka yín, ó ti pọ̀ jù. Bí ó bá kán ẹ̀kán kan tàbí méjì, tàbí tí kò kán rárá ṣùgbọ́n tó dì pọ̀ sọ́wọ́ yín, ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti ọ̀rá padà kí ẹ máa lọ. Bí ó bá tú ká bí ẹ ṣe la ọwọ́, ìgbà yẹn nìkan ló tó omi í bù sí. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ ti bù ú wò: àárín gbùngbùn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń rin jù, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òógùn ọ̀rá ń ṣàn sí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbin ín, ẹ bomi rin ín títí omi yóò fi jáde ní ihò ìsàlẹ̀. Àgọ́ tí kò ní ihò nísàlẹ̀ kì í ṣe àgọ́, ìkòkò ọbẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í pa. Ó di ọjọ́ kẹrin kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kùtùkùtù, kó má kọjá aago 8. Yíyẹ̀ ẹ́ wò kì í ṣe bíbomi rin ín o. Bí ọwọ́ yín bá ní ó gbẹ lóòótọ́, lítà 2 ni fún mítà kan níbùú lóòró, kí ẹ sì fi ike ìbomirin tó ní orí oníhò wẹ́wẹ́ wọ́n ọn. Ẹ má fi garawa dà á, ẹ má sì ṣe é ní ìrọ̀lẹ́.

Ìrísí òrùlé ọ̀rá náà ń dá kún un. A rí àwọn tó ta ọ̀rá sókè pẹrẹsẹ, tó wá sọ̀ sílẹ̀ láàárín. Gbogbo òógùn á kóra jọ sí ibi tó sọ̀ náà, á máa kán sórí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà tọ̀sán-tòru, á gbá èérún pákó kúrò lórí rẹ̀, á wá dúró sínú ojú ọ̀bẹ tí ẹ fi là á. Ibẹ̀ ni jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ní òrùlé bí ilé. Fún àgọ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2, kí òpó àárín fi sẹ̀ǹtímítà 60 ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ fa ọ̀rá náà le dáadáa, kí etí rẹ̀ sì wá sílẹ̀ lẹ́yìn pákó tàbí búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe nínú rẹ̀, kí omi tó bá ṣàn wálẹ̀ lè wọlẹ̀ síta. Ẹ fi yẹ̀pẹ̀ tẹ etí ọ̀rá mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ rọra ká a láti orígun kan. Ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n ti rọ òjò sínú àgọ́ nìyẹn.

Ooru ń kọ́? Abẹ́ ìbòòji ni kí àgọ́ wà. Bí kò bá sí igi, ẹ gbé imọ̀ ọ̀pẹ lé e ní ìpele méjì, kí ó má fara kan ọ̀rá. Kí ìwọ̀n ooru inú rẹ̀ wà láàárín 28 sí 35°C. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 40, ẹ fi imọ̀ kún un, kì í ṣe omi. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń ra ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. Ó dára fún ooru, bí ẹ bá so ó kọ́ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, tí kò fara kan ọ̀rá. Ní ti ọ̀rinrin, nọ́ńbà tó lé ní 90 ni yóò máa fi hàn yín ní gbogbo ìgbà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kò lè sọ bóyá èérún pákó yín rin jù tàbí kò rin tó.

Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá láìsí pé ẹ bu omi kankan sí i, ọkàn yín kò sì gbọdọ̀ máa lù yín nítorí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, aṣìṣe ìdàkejì ni a máa ń rí: òru tutù, ọ̀rá á làágùn gidi ní ìdájí, àwọn ènìyàn á ní omi ti pọ̀ jù, wọ́n á wá ṣí i sílẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán kí ó lè gbẹ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á gbé gbogbo ọ̀rinrin náà lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ á gbẹ. Òógùn ìdájí kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ìsàlẹ̀. Ẹ fọwọ́ bù ú wò.

Ohun méjì kan ṣáájú kí ìdí tó wọ àgọ́. Ẹ rì í bọnú omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wá tẹ́ ẹ síbòòji fún odidi ọjọ́ kan kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ẹni tó gbé e wọlé ní tútù ti bá jíjẹrà ṣàdéhùn. Èérún pákó tó ti pẹ́ tó ti ń dúdú ni kí ẹ lò, ti igi fúnfun bí arère, kì í ṣe ti ìrókò. Bí ẹ bá bo ìdí náà, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ti tó.

Ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé nínú báàfù ńlá, tó fi ọ̀rá bò ó: òfin kan náà ni. Ihò mẹ́jọ sí mẹ́wàá nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 lórí ihò náà, igi tí a tẹ̀ kọdọrọ láti fi gbé ọ̀rá sókè. Báàfù kì í gba lítà 2, ife kan ti tó o.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Kí ẹ tó gé èyí tó ní ewé mẹ́ta àti gbòǹgbò tirẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti mọ afẹ́fẹ́: lọ́jọ́ kìíní, ẹ ṣí ìpẹ̀kun àgọ́ méjèèjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, lọ́jọ́ kejì, wákàtí kan, kí ẹ máa fi wákàtí kan kún un lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n bá gbé jáde lójijì sínú oòrùn kì í rí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló kan àpò ọ̀rá dúdú àti ìbòòji, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó dé oko.

Bí òórùn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ra oògùn kankan. Ẹ wá ìdí tó jẹrà náà rí, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú èérún pákó tó yí i ká ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì lọ rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sí àgọ́. Ẹ fi ìdá kan bílíìṣì sínú ìdá mẹ́sàn-án omi, ẹ fi fọ ọ̀bẹ àti ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹ ṣí ìpẹ̀kun àgọ́ fún wákàtí méjì láàárọ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta, kí omi má sì kàn án títí èérún pákó yóò fi tú ká lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá kó gbogbo ọmọ inú àgọ́ náà tán, ẹ má gbin ìdí tuntun sínú èérún pákó náà láìjẹ́ pé ẹ tún un sè nínú dúrọ́ọ̀mù fún wákàtí kan sí méjì, tí ẹ sì jẹ́ kó tutù.