Ara Yíyún Ọmọ àti Oúnjẹ Tó Ń Hun Ún: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwa Òbí

Ọmọ mi kejì kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tó ń ṣí bí èèpo. Nígbà tó fi máa pé oṣù márùn-ún, ó ti kárí orí, apá àti ẹsẹ̀. Bí mo bá gbé e láàárọ̀, màá rí ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín lára aṣọ tó fi sùn, nítorí gbogbo òru ló fi ń họ ara. Adó-Èkìtì là ń gbé, ní àdúgbò tí èèyàn kò ti lè gbé ọmọ kọjá kí wọ́n má bi í pé, "Kí ló ṣe ọmọ yìí?" Ẹnìkan ní làpálàpá ni. Òmíràn ní èkúrú ni, kí n má jẹ́ kó sún mọ́ àwọn ọmọ tòun. Ìyá àgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọmú mi ló korò.

Eczema ni, èyí tó le gan-an. Kì í ràn. Ìdọ̀tí kọ́ ló fà á, ọmú ìyá kọ́ ló sì fà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí tiwọn bá le bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kan tàbí méjì a tún máa hun wọ́n: wọ́n á jẹ ẹ́, ara á kọ̀ ọ́, á máa bá a jà. Ẹyin àti ẹ̀pà ni ti ọmọ mi. Mo ṣìnà púpọ̀ kí n tó mọ ọ̀nà, mo sì ń rí i pé àwọn ìyá tí mò ń bá pàdé níbi tí a ti ń wọn ọmọ ń tọ ipa ẹsẹ̀ mi gẹ́lẹ́.

Lílé oúnjẹ kiri, ká fi awọ ara sílẹ̀

Èyí ló ṣáájú, òun ló sì pa mí lára jù. Nítorí pé mò ń fún ọmọ lọ́mú, mo yọ ẹyin kúrò nínú oúnjẹ tèmi. Ara ọmọ kò yí padà, mo yọ mílíìkì. Mo yọ ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀pà, tòmátì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, iyán àti ẹ̀fọ́ lásán ni mò ń jẹ, mo rù kan eegun, omi ọmú ń dínkù, ọmọ sì ń yún ara bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ọmọdé tí a padà rí kò tilẹ̀ kọ́kọ́ bi mí nípa oúnjẹ. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ̀ ń fi nǹkan pa á lára lójúmọ́?" Mo ní ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀. Ó mi orí.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Awọ ara ọmọ tó ní eczema, ògiri tó lanu ni. Omi ara ń gba ibẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń gbẹ. Kòkòrò àti ẹ̀rún oúnjẹ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni pé ọ̀nà tí oúnjẹ gbà wọ ara ṣe pàtàkì. Èyí tó bá gba ojú awọ tó ti là wọlé, ara á kà á sí ọ̀tá. Èyí tó bá gba ẹnu wọlé lásìkò, ara á kọ́ láti gbà á lálejò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2003 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ìpara tó ní òróró ẹ̀pà nínú, tí wọ́n ń fi pa àwọn ọmọ ọwọ́ lára, bá àwọn ọmọ tí ẹ̀pà padà ń hun rìn. Nítorí náà, ẹ má fi òróró ẹ̀pà pa ọmọ eczema lára, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń yan ẹ̀pà tà, ẹ fọ ọwọ́ dáadáa kí ẹ tó gbé ọmọ.

Ohun tí a ní láti ṣe sí ògiri náà kò ju pé ká máa rẹ́ ẹ lójoojúmọ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́ gbẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ má nù ún bí ẹni nu tábìlì. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, kí omi tó gbẹ tán lára, ẹ fi ìpara tí kò ní òórùn dídùn pa á níbi gbogbo, kì í ṣe ojú ibi tó ń yún nìkan. Fasilíìnì lásán dára, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Àmọ́ kó pọ̀ lára o! Ìwọ̀n tí àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ fún àwọn òbí ni gíráàmù 250 sí 500 lọ́sẹ̀ kan fún ọmọ kan. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó yà mí lẹ́nu, nítorí ike kékeré kan ni mò ń lò fún oṣù méjì. Bí ọyẹ́ bá dé, láti Oṣù Kejìlá títí di Oṣù Kejì, mo máa ń pa á lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Ìwẹ̀ tó ń bó ọmọ

Ìyá ọkọ mi ló wá tọ́jú wa, ìyá tó fẹ́ràn ọmọ tọkàntọkàn, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti wẹ ọmọ tó pọ̀. Omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyàwó mi, ọmọ tí a kò bá fi kànìnkànìn wẹ̀, ṣé ó máa mọ́ ni?" Mo kẹ́kọ̀ọ́ pé kò yẹ kí n máa bá a jiyàn. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ rí dókítà." Nígbà tí dókítà fúnra rẹ̀ fi ojú ibi tí kànìnkànìn ti bó hàn án, ó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, òun ni olórí ìpara nílé wa. Ẹ má ṣe ti ìyá àgbà síta, ẹ fún un ní iṣẹ́.

Kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú, Dettol àti Izal nínú omi ìwẹ̀, gbogbo wọn ń fọ òróró ara nù, bẹ́ẹ̀ ni omi gbígbóná. Ẹnìkan tilẹ̀ gbà mí níyànjú pé kí n gbé ọmọ lọ sí Ìkógòsì. Mo fẹ́ràn ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi gbígbóná ni awọ tó là ń wá.

Òrí gidi tí wọn kò pò mọ́ nǹkan kan kò burú fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi kékeré. Òróró ólífì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń ba awọ jẹ́ sí i. Mo mọ̀ pé ilé àdúrà la ti ń gbà á. Kí pásítọ̀ fi ìka kàn án níwájú orí, ó ti tó. Kò di dandan ká fi pa gbogbo ara.

Kíríìmù kẹ́míìsì, àti ẹ̀rù tó tẹ̀lé e

Mo ra kíríìmù kan ní kẹ́míìsì, irú èyí tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sójú kan. Ọjọ́ kẹta, ara ọmọ ń dán. Mo jó. Mo dá a dúró, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Clobetasol ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn sitẹ́rọ́ọ̀dì (oògùn tó ń pa wíwú àti yíyún awọ) tó lágbára jù, irú èyí tí wọ́n ń pò sínú ìpara ìbóra pẹ̀lú. Lára ọmọ ọwọ́, ó lè jẹ́ kí awọ fẹ́lẹ́, ó sì lè wọnú ẹ̀jẹ̀ kó dí ara lọ́wọ́ láti máa pèsè sitẹ́rọ́ọ̀dì ti ara rẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo tún ṣe àṣìṣe òdìkejì: dókítà kọ hydrocortisone ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, sitẹ́rọ́ọ̀dì tí kò lágbára, fún mi, mo fi pamọ́ sínú àpótí nítorí mo ti gbọ́ "sitẹ́rọ́ọ̀dì". Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ọmọ sílẹ̀ nínú ìyà. Èyí tí kò lágbára, tí dókítà bá sọ ibi tí ẹ máa fi sí àti ọjọ́ tí ẹ máa lò ó, ìtura ni. Ìwọ̀n tí ẹ bá tẹ̀ jáde láti orí ìka ìlábẹ̀ àgbà dé oríkèé àkọ́kọ́ tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjì pẹ̀lú àwọn ìka wọn.

Ohun kan tún wà. Inú ìwé, wọ́n á ní ibi tó ń yún máa pupa. Lára ọmọ tiwa, ó lè dúdú sí i, ó lè dà bí eérú, ó sì lè jẹ́ kókó wẹ́wẹ́ lásán. Ẹ má dúró de pupa.

Ògì alárọ̀pọ̀

Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ, mo fún un ní ògì tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ sóyà, ẹ̀pà, edé àti àlìkámà. Gbogbo ìyá ló ń yìn ín pé ó ń mú ọmọ sanra. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ètè rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ lé wúrúwúrú, tó bì. Ní ilé ìwòsàn wọ́n bi mí pé èwo nínú wọn ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Oúnjẹ mẹ́rin ló wà nínú ife kan. Fún irú ọmọ báyìí, ẹyọ oúnjẹ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀, láàárọ̀ tí ẹ máa wà nítòsí rẹ̀, kí ọjọ́ mélòó kan kọjá kí èkejì tó dé. Mọ́ínmọ́ín náà rí bẹ́ẹ̀: ẹyin, ẹja àti edé lè fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má wá tìtorí ìbẹ̀rù fi ohun gbogbo dù ú. Ìwádìí tó jáde ní 2015 ní London kó ọmọ 640 jọ, ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, tí wọ́n ní eczema líle tàbí tí ẹyin ń hun. Wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀pà déédéé, wọ́n fi du àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi dù, ẹ̀pà ń hun bíi 17. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń jẹ ẹ́, bíi mẹ́ta péré. Bí ọmọ yín bá ní eczema líle, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó tọ́ ẹ̀pà wò rárá, nítorí ó lè nílò àyẹ̀wò. Bí dókítà bá ní kò séwu, ẹ má fi falẹ̀. Kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná sínú ògì. Ẹ̀pà odidi lè há ọmọ lọ́fun.

Oúnjẹ tí ọmọ sì ń jẹ láìsí wàhálà, ẹ má yọ ọ́ nítorí pé ara ń yún. Bí ó bá pẹ́ tí kò jẹ ẹ́, ara lè kọ̀ ọ́ lójijì lọ́jọ́ tó bá padà. Wàrà ewúrẹ́ kọ́ ni àrọ́pò fún ọmọ tí wàrà màlúù ń hun; méjèèjì jọra púpọ̀. Ẹ má sì san owó fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ "IgG" tó ń ka oúnjẹ ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ọmọ ti jẹ rí ló ń sọ, kò sọ èyí tó ń hun ún.

Epo pupa kọ́ ni oògùn rẹ̀

Bí ojú tàbí ètè ọmọ bá wú, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tó ń mí fín-ín-fín, tó ń bì léraléra tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ má rọ mílíìkì sí i. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Piriton lè dín yíyún kù, kò lè dá èyí tó ń pa ọmọ dúró. Abẹ́rẹ́ adrenaline sí itan ló lè ṣe é, kíá. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀. Bí èémí bá ń há a, ẹ gbé e jókòó sórí itan. Ẹ má pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lórí ọ̀kadà. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Ọ̀mùò tàbí Ẹ̀fọ̀n kò lè dúró títí á fi débẹ̀. Lónìí, kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, ẹ lọ bi ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù: "Ṣé ẹ ní adrenaline?"

Àwọn tó ń fẹnu ko ọmọ lẹ́nu

Ẹni tó bá ní egbò létí ètè kò gbọ́dọ̀ fẹnu ko ọmọ eczema. Kòkòrò rẹ̀ lè tàn ká gbogbo awọ tó là. Bí ẹ bá rí egbò kéékèèké tó jinlẹ̀ bí ihò, tí wọ́n jọra, pẹ̀lú ibà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ń ṣomi, tó ní èèpá aláwọ̀ oyin, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ńkọ́? Ẹ má tìtorí ẹyin sá fún un. Ti èéyi tí wọ́n ń gbà ní oṣù kẹsàn-án kò léwu fún ọmọ tí ẹyin ń hun. Ti ibà pọ́njú, tí wọ́n máa ń fún un lọ́jọ́ kan náà, inú ẹyin ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó fa á.

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bọ́ lọ́wọ́ ti ẹyin àti ti wàrà; ti ẹ̀pà kì í sábà lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti dán ẹyin wò fún un, díẹ̀díẹ̀, dókítà jókòó tì wá, abẹ́rẹ́ wà lórí tábìlì. Ìyá ọkọ mi ló bá mi gbé e lọ, ìpara rẹ̀ sì wà nínú báàgì. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tó jẹ ẹyin náà tán, à ń wo ètè rẹ̀. Kò wú.