Bí ẹ ṣe máa so ẹ̀rọ asẹ́ dísù mọ́ tánkì ọkọ̀ ojú omi yín

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín ọ̀sà, nọ́sù, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, ni awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ẹ tú fítà wò, ẹ máa rí i pé nọ́sù ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú ló dí fítà pa. Ó ti wà nísàlẹ̀ tánkì tipẹ́, ó ti silẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ so mọ́ èbúté. Ìgbà tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ sókè sódò ló ru sókè, tó gba ẹnu páìpù ẹ́ńjìnnì wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí ọkọ̀ ò ti gbọ́dọ̀ kú gan-an ló ń kú sí.

Etí ọ̀sà Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ oní-dísù ni mo sì ń tún ṣe, kì í ṣe àwọn oní-bẹntiróòlù tó gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ìdí. Ẹ̀rọ asẹ́ dísù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí á máa fa dísù láti ìsàlẹ̀ tánkì, á sẹ́ ẹ, á sì dá a padà sínú tánkì kan náà, kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Fítà àti pọ́ńpù kì í ṣe wàhálà. Ẹni tó bá lówó á rà á. Ibi tí ẹ bá gbé ẹnu páìpù méjèèjì sí nínú tánkì niṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ fáíbà kan tó ń kó ẹrù ṣe àpẹẹrẹ, tánkì alumíníọ̀mù rẹ̀ gba 600 lítà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú tánkì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí ẹrẹ̀ bá ti nípọn nísàlẹ̀, ẹ fa epo náà jáde, kí ẹ fọ tánkì ná. Asẹ́ kì í fọ tánkì. Ohun tó bá léfòó nínú epo nìkan ló lè mú, èyí tó ti lẹ̀ mọ́ irin kò ní tẹ̀ lé e. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn oníbàárà, ojú wọn á sì fà ro, torí wọ́n ti ní in lọ́kàn pé ẹ̀rọ tuntun máa gbà wọ́n lọ́wọ́ owó ìfọ̀.

Ní ti fítà, Racor 500 tàbí irú rẹ̀ tó ní ife kedere nísàlẹ̀ ti tó: 227 lítà ló lè gbà kọjá ní wákàtí kan. Ẹ ra èyí tó ní àwo irin lábẹ́ ife náà, torí iná ò gbọ́dọ̀ tètè ráyè dé ara ife nínú yàrá ẹ́ńjìnnì. Ọmọ inú rẹ̀ oríṣi mẹ́ta ni: pupa jẹ́ 30 máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mm ni máíkírọ́ọ̀nù kan; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni asẹ́ ṣe kúnná tó), búlúù 10, bíráùn 2. Ẹ fi pupa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí búlúù, lẹ́yìn náà bíráùn. Ẹni tó bá fi 2 bẹ̀rẹ̀ nínú epo ìdọ̀tí á ra fítà títí á fi rẹ̀ ẹ́. Pọ́ńpù oníná 12V tó ń fa nǹkan bí 150 lítà ní wákàtí kan dára.

Ẹ̀yìn fítà ni pọ́ńpù ń wà, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Bí pọ́ńpù bá ṣáájú, á lu omi inú dísù di ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí fítà ò ní lè yà sọ́tọ̀ mọ́. Tánkì, táàpù, fítà, gééjì tó ń wọn agbára fífà, pọ́ńpù, táàpù kejì, tánkì: bó ṣe ń tẹ̀ léra nìyẹn.

Ó kan inú tánkì wàyí. Ẹ má gé páìpù ẹ́ńjìnnì láti já asẹ́ mọ́ ọn. Páìpù tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe fún un, kó má baà jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá gba ibì kan wọlé lọ́dọ̀ asẹ́, ẹ́ńjìnnì á bá a kú. Ọ̀pá irin tí kì í dípẹtà, oní 10 mm, ni ẹ máa sọ sísàlẹ̀, kó ku nǹkan bí 10 mm kó kan ilẹ̀ tánkì, kí ẹ gé ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà fa ara mọ́ ilẹ̀. Ibo lẹ máa sọ ọ́ sí? Ibi tó rẹlẹ̀ jù nígbà tí ọkọ̀ wà lórí omi, ẹrù sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń jókòó sí ìdí, torí náà igun ẹ̀yìn ni. Ẹni tó bá wọn ọ́n nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ á gbé e sí ibi tí omi inú tánkì kì í ṣàn lọ.

Páìpù tó ń dá epo padà á wà ní òdìkejì tánkì, kọjá àwọn pátákó irin tó pín inú rẹ̀, kí epo lè gbá ilẹ̀ tánkì kọjá kó tó dé ẹnu páìpù tó ń fà. Bí méjèèjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, epo kan náà lẹ ó máa yí po láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wà nínú epo kó má baà máa hó. Àmọ́ torí pé ó wà nínú epo, bí ọ́ọ̀sì bá já, dísù lè fa ara rẹ̀ jáde títí tánkì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Táàpù irin lórí tánkì ní ẹnu méjèèjì pọn dandan.

Ọ́ọ̀sì tó ní ISO 7840 A1 lára, ìyẹn ọ́ọ̀sì epo ọkọ̀ ojú omi tí iná ò lè tètè jó, ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó ò yẹ níbẹ̀. Kílíìpù méjì ní ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò, dísù á máa jẹ síǹkì náà, á sì gbé e dé nọ́sù. Ẹ má sì de bíráàsì mọ́ alumíníọ̀mù tààrà. Irin tí kì í dípẹtà ni kó wà láàárín wọn. Téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà náà ò dáa, ó ń já wẹ́wẹ́ bọ́ sínú páìpù. Ẹ lo gọ́ọ̀mù tí dísù ò lè tú.

Iná rọrùn: wáyà láti bátìrì, fúùsì nítòsí bátìrì gan-an, síwíìṣì tó ń ka àkókò. Pọ́ńpù tó ń jẹ 3A fún wákàtí 12 á jẹ 36Ah, ẹ mọ bí bátìrì yín ṣe lágbára tó.

Kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ bu dísù mímọ́ kún fítà dé ẹnu, kí ẹ dé e, kí ẹ ṣí táàpù méjèèjì. Ẹ fi tíṣù funfun nu gbogbo ojú ìsopọ̀ láti mọ ibi tó ń jò. Ọ̀dọ̀ tí pọ́ńpù ti ń fà lè máa fa afẹ́fẹ́ láìjò, torí náà ẹ wo inú ife: bí ìfófòó ò bá dáwọ́ dúró, ẹ tún kílíìpù ibẹ̀ dè. Ẹ kọ iye tí gééjì kà nígbà tí fítà ṣì tuntun sí ara ògiri. Bó bá ti ń sún mọ́ íǹsì 10 ti mẹ́kúrì (inHg lójú gééjì), ẹ pààrọ̀ fítà náà.

Ẹ má rò pé tí pọ́ńpù bá ti fa 600 lítà, ìyẹn wákàtí mẹ́rin, gbogbo epo ló ti kọjá nínú fítà. Èyí tó mọ́ ń padà lọ dà pọ̀ mọ́ èyí tí kò tíì mọ́. Ìyípo kan máa fi nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún epo náà sílẹ̀ láìtíì kọjá nínú fítà. Ìyípo mẹ́ta, wákàtí 12, ó ku nǹkan bí 5. Ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn tí ọ̀sà sì ń ru ló dára jù láti ṣe é, torí ìdọ̀tí á ti gbéra fúnra rẹ̀.

Omi ni ẹ máa ṣọ́ jù. Ojú ibi tí omi àti dísù ti pàdé ni kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ń gbé, dísù ni oúnjẹ wọn. Oògùn á pa wọ́n, òkú wọn á sì wá dí fítà, torí náà ẹ má lo oògùn láìtan asẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, rúbà ìdérí ẹnu tánkì lókè ló ń gba òjò wọlé jù, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Dísù inú dúrọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ má sì da ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú tánkì.

Omi àti ẹrẹ̀ tí ẹ bá tú nínú ife, ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń kó epo dídọ̀tí, ẹ má dà á sínú ọ̀sà. Kí fítà búlúù bíi mélòó kan sì wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀.