Yíya ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde sórí fíìmù dúdú-àti-funfun

Fíìmù 400 (nọ́ńbà ISO, tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), bíi Ilford HP5 Plus, ló bá iṣẹ́ yìí mu jù. Bí oòrùn bá mú ní ọjà Òkè-Ajé, ẹ lo f/11 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó) àti 1/500 (ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí kámẹ́rà fi ń ṣí). Ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé á fi díẹ̀ ju bí oòrùn ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó wà lábẹ́ ìbòji á hàn. Lábẹ́ àtíbàbà, f/5.6 àti 1/250.

Tí lẹ́ńsì bá jẹ́ 35mm, ẹ fi ojú rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn mítà 3 ní f/11, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́: láti bíi mítà 2 dé 10 ni yóò mọ́ kedere. Ìdí ni pé ọlọ́kadà kì í dúró deni. Ìyá onígàárì ní tirẹ̀, ẹ kí wọn ná, kí ẹ tọrọ àyè.

Léèsì funfun máa ń tan mítà ìmọ́lẹ̀ (ohun tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) jẹ, ojú èèyàn á sì ṣú. Ojú ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe aṣọ.

Ìdí ìfọ̀ fíìmù ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. HP5 nínú ID-11, oògùn ìfọ̀ fíìmù, tí a kò bomi là: ìṣẹ́jú 7½ ní 20°C. Omi wa gbóná jù bẹ́ẹ̀, fíìmù á sì jóná ju bó ṣe yẹ. Ẹ da yìnyín sínú abọ́ omi, kí ẹ gbé ìgò oògùn sínú rẹ̀. Ẹ má ju yìnyín sínú oògùn, yóò là á.