Bí A Ṣe Ń Ti Fíláàṣì Iṣẹ́ Pa Kó Tó Sọnù

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí níbí ní Òṣogbo. Inú fíláàṣì kan tí kò gùn tó ìka ni orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì wọn, BVN, iye tí kálukú yá àti iye tí kò tíì san. Lọ́jọ́ kan mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ̀wé nígboro. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fi í sínú ẹ̀rọ, gbogbo fáìlì mi sì tò sójú síkíríìnì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká tẹ̀ nínú ẹ̀? Ṣé èyí tí ẹ kọ ‘Àwọn tó jẹ gbèsè’ sí ni?” Kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n màmá kan dúró sẹ́yìn mi lórí ìlà, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n, orúkọ wọn sì wà nínú fáìlì yẹn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sì gbójú síta.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka fíláàṣì yẹn sí àmánà. Owó tí mo fi rà á kò tó nǹkan, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi.

Fíláàṣì á sọnù. Á já bọ́ nínú kọ̀rọ̀pè láàárín Òkè-Fìà sí Ọjà-Ọba, ọmọ á mú un ṣeré, a ó gbàgbé rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni pé kí ẹni tó bá he é má rí nǹkan kan kà. Kì í ṣe pé kí ẹ kàn fi fáìlì pamọ́ ni mo ń sọ o, ọmọ iléèwé gírámà mọ bí wọ́n ṣe ń tú ìyẹn síta. Pípa fáìlì rẹ́ kò sì tó, torí ohun tí a fi Delete pa ṣì lè jí padà lọ́wọ́ ẹni tó bá ní ètò tó ń wá irú rẹ̀. Ìtìpa gidi máa ń sọ gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì di àrokò: ẹni tó gbé e lọ́wọ́ ò mọ ohun tó wí, àfi ẹni tó ní pásíwọ́ọ̀dù. AES ni ìlànà tó ń ṣe é ń jẹ́, ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i láti 2001, òun náà sì ni BitLocker àti VeraCrypt, ètò kọ̀ǹpútà méjì tó ń ti fíláàṣì pa tí mo fẹ́ ṣàlàyé, ń lò.

Ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì náà sí ibòmíràn tí ẹ̀ ń tì dáadáa, torí iná lè lọ láàárín iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ wo irú Windows tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín: ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter. Bó bá jẹ́ Pro, Enterprise tàbí Education, BitLocker ti wà níbẹ̀ láìsan owó mìíràn. Tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rí sábà máa ń bá Pro dé. Bó bá jẹ́ Home, kọ̀ǹpútà náà lè ṣí fíláàṣì tí ẹlòmíràn fi BitLocker tì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè tì í. VeraCrypt ni tiyín, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ kún. Ẹ ṣí This PC, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ fíláàṣì náà, ẹ yan Turn on BitLocker. Lórí Windows 11, ẹ lè ní láti kọ́kọ́ tẹ Show more options kí ẹ tó rí i. Ẹ máàkì Use a password to unlock the drive, ẹ sì kọ pásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí pásíwọ́ọ̀dù yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́. BitLocker á gba lẹ́tà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n mẹ́jọ kéré. Àwọn tó ṣe VeraCrypt ń gbani nímọ̀ràn pé kó tó 20, kó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, kí ẹ so wọ́n pọ̀: ohun kan láti ilé ìdáná, ẹranko kan, ìlú kan tí ẹ gba kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, irú bẹ́ẹ̀. Ẹ má lo orúkọ ọmọ, ẹ má lo nọ́ńbà fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì lo OrokiAsala. Gbogbo ọmọ Òṣogbo ló mọ oríkì ìlú, ẹni tó bá he fíláàṣì yín nígboro á tètè dán ìyẹn wò. Ọ̀rọ̀ Yorùbá dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ ẹ kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà. Bí ẹ bá fi ẹ tàbí ṣ sínú rẹ̀, ẹ lè dé ọ́fíìsì ẹlòmíràn kí ẹ má rí wọn lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ wá jókòó ti ẹrù ara yín láìrí i ṣí.

Lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á fún yín ní nọ́ńbà 48, mẹ́fà mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ, tí wọ́n ń pè ní recovery key. Ẹni tó bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, òun nìkan ló kù fún un. Microsoft gan-an ò ní ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n á gbà bá yín ṣí i. Ẹ fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé tàbí ti ọ́fíìsì, kí ẹ sì fi bírò dà á kọ sínú ìwé, kí ìwé náà wà níbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ẹ má gbé e lọ tẹ̀ níta, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má sì jẹ́ kó wà nínú báàgì kan náà pẹ̀lú fíláàṣì. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ àjọṣe ni, kí alága tàbí ọ̀gá ní ẹ̀dà kan nínú àpótí tó ń tì. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí le, torí akọ̀wé lè ṣàìsàn, ó lè kúrò nílùú, àkọsílẹ̀ owó àwọn èèyàn ò sì gbọdọ̀ bá a lọ.

Wọ́n á wá bi yín bóyá used disk space only ni ẹ fẹ́ àbí entire drive. Fíláàṣì tuntun ni ti àkọ́kọ́ wà fún. Èyí tí ẹ ti lò rí, entire drive ni kí ẹ yàn, kí àwọn fáìlì tí ẹ ti pa rẹ́ tẹ́lẹ̀ má baà ṣẹ́kù síbi tí wọ́n ti lè hú wọn. Ẹ yan Compatible mode, nítorí ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ ni fíláàṣì ń rìn, kí ẹ sì tẹ Start encrypting. Ó lè pẹ́. Ẹ má fà á yọ. Pause wà níbẹ̀ bí ẹ bá ní láti dìde. Tó bá parí, ẹ ó rí àgádágodo kékeré lára àmì rẹ̀.

VeraCrypt kò gba kọ́bọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ojúewé àwọn tó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ tẹ Create Volume, ẹ yan Create an encrypted file container, lẹ́yìn náà Standard VeraCrypt volume. Á ní kí ẹ fún fáìlì kan lórúkọ lórí fíláàṣì náà; fáìlì yẹn ni yóò di àpótí yín. Ẹ ṣọ́ra níbí, orúkọ tuntun ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá nàka sí fáìlì tó ti wà níbẹ̀, kò ní tì í o, yóò pa á rẹ́ ni, yóò sì fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí AES wà bó ṣe wà, ẹ sọ bí àpótí yóò ṣe tóbi tó (kò lè ju 4 GB lọ lórí fíláàṣì tí wọ́n fọ́ọ̀màtì ní ìlànà tó ń jẹ́ FAT32), ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ wá máa yí máòsì káàkiri títí ìlà tó wà nísàlẹ̀ yóò fi di àwọ̀ ewé. Ìgbà náà ni kí ẹ tẹ Format. Láti lò ó, ẹ yan lẹ́tà kan nínú àwọn tó tò sójú VeraCrypt, ẹ tẹ Select File kí ẹ mú fáìlì àpótí náà, lẹ́yìn náà Mount, kí ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó dìde, ẹ tẹ Dismount, tí àwọn tuntun ń pè ní Unmount. Fáìlì tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìkó o sínú àpótí ṣì wà ní gbangba.

Ohun kan wà tí ìtìpa kò lè ṣe. Tí ẹ bá ti kọ pásíwọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn, fún ẹ̀yin àti fún fáírọ́ọ̀sì tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Nítorí náà èmi kì í gbé fíláàṣì ẹgbẹ́ lọ síbi ìtẹ̀wé mọ́. Mo ra kékeré kan, mo so ègé àdìrẹ mọ́ ọn kí n má baà ṣì wọ́n mú. Ojú ìwé tí mo fẹ́ tẹ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ni mo ń sọ di PDF sínú rẹ̀. Bí mo bá padà délé, mo máa ń fọ́ọ̀màtì rẹ̀, mo sì máa ń yọ àmì kúrò lára Quick Format kí n tó tẹ Start, torí ti kíákíá kò nù ún mọ́. Nígbà tí mo padà lọ bá ọmọbìnrin yẹn, fáìlì kan ṣoṣo ló rí. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó kàn tẹ̀ ẹ́.

Bó bá wá sọnù ńkọ́? Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn, òfin náà sì ka ìtìpa báyìí mọ́ ọ̀nà ìdáàbòbò. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó sì lè kó àwọn tó ni ín sí ewu, àjọ tàbí iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó Nigeria Data Protection Commission létí láàárín wákàtí 72 tí wọ́n mọ̀. Ẹ má bò ó mọ́ra títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà gan-an: ohun tó wà nínú rẹ̀, ibi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn, àti bóyá ẹ tì í.

Kí ẹ tó gbé e jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà mìíràn nílé, kí ẹ rí i pé ó bèèrè pásíwọ́ọ̀dù (ti VeraCrypt, ìgbà tí ẹ bá tẹ Mount ni). Bó bá jẹ́ BitLocker, ẹ ṣe bí ẹni tó ti gbàgbé: ẹ tẹ More options, lẹ́yìn náà Enter recovery key, kí ẹ ka nọ́ńbà 48 náà láti inú ìwé tí ẹ dà á kọ sí. Èmi ṣe é, kò ṣí. Mo tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, mo rí i pé mo ti kọ 6 síbi tó yẹ kí 8 wà.