Ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìbímọ: bí ìyá ìkókó ṣe lè tọ́jú ara rẹ̀ títí ara yóò fi balẹ̀

Ọjọ́ karùn-ún tí mo bímọ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ilé wa ní Kúbwà, ní Àbújá, ti kún nígbà náà: màmá mi ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá ọkọ mi wà ní yàrá kejì, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣírò páálí omi tí wọn yóò rà fún ìkómọ. Gbogbo wọn ló ní àìsùn ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo lo parasitamọ́ọ̀lù méjì, orí ò gbọ́. Ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yanran-yanran lójú mi ni wọ́n tó lọ pe nọ́ọ̀sì àdúgbò wa. Ó wọ̀n mí: 168 lórí 112. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mi kò ru rí nígbà tí mo wà nínú oyún.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé tí ọmọ bá ti wáyé, tí ibi bá ti tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ tí a bímọ, lẹ́yìn náà omi tí ara ti kó jọ nígbà oyún á máa padà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà á sì máa gòkè. Àárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà ló máa ń ga jù. Ẹ ka ọjọ́ náà: ọ̀sẹ̀ ìkómọ gan-an ni, ìgbà tí àlejò ń wọlé tí ẹnikẹ́ni kò ráyè wo ojú ìyá ọmọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún ni kó ṣọ́ra jù, ṣùgbọ́n ó lè bẹ̀rẹ̀ tuntun lára ẹni tí kò ní in rí, títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ.

Kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù

Ẹ béèrè iye tí ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, orúkọ oògùn tí wọ́n fún yín, àti ọjọ́ tí ẹ ó padà wá. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n máa ń dá fún gbogbo ìyá ọmọ ti jìnnà jù fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ yín wò láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ, kí wọ́n sì tún yẹ̀ yín wò ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. PHC, ìyẹn ilé ìwòsàn kékeré ti ìjọba ní àdúgbò, lè wọ̀n ọ́n fún yín bí ọsibítù bá jìnnà. Bí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bá bi yín nípa hawan jini, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ló ń sọ.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru náà fa gìrì fún, tàbí tí wọ́n ń bẹ̀rù gìrì fún, wọ́n sábà máa ń fún un ní magnesium sulphate títí di wákàtí 24 lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn gìrì tó kẹ́yìn. Oògùn náà máa ń mú kí ara gbóná bí ẹni wà nídìí ààrò. Ẹ fara dà á, kí ẹbí má sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ dókítà pé kó jẹ́ kí ẹ máa lọ sílé.

Bí ẹ ó ṣe máa wọ̀n ọ́n nílé

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ òkè apá ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Kò pọ́n dandan kí owó rẹ̀ jáde lápò yín: a sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi pé kí wọ́n fi owó aṣọ ọmọ ra ẹ̀rọ. Aṣọ ọmọ ti pọ̀ jù.

Ẹ lọ tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ gbé ọwọ́ lé tábìlì kí apá wà ní ọ̀gangan àyà. Ẹ wé e mọ́ ara gan-an, kì í ṣe lórí aṣọ. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí fóònù máa dún. Tó bá ti ka iye, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé láàárọ̀ àti lálẹ́, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ti òkè bá tó 160 tàbí ti ìsàlẹ̀ bá tó 110, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá wálẹ̀, ọsibítù ló kàn, ara ì báà dá ṣáṣá. Rọpárọsẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn.

Àwọn àmì kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ dúró wo nọ́ńbà fún kí ẹ tó lọ sí ọsibítù: orí fífọ́ tí oògùn ò gbọ́, ojú tó ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń rí iná, ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, èémí tó ń há pàápàá téèyàn bá dùbúlẹ̀, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì. Bí gìrì bá mú ìyá ọmọ, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo sí i lọ́fun. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹ gbé e, ó di ọsibítù.

Ẹni tó ń gbé Ńyányà tàbí Mararaba mọ bí ọ̀nà Àbújá ṣe máa ń dí láàárọ̀. Ẹ ti mọ̀ láti ìsinsìnyí ọsibítù tó ní dókítà lóru nítòsí yín, àti ẹni tó ní mọ́tò tí ẹ lè jí ní aago méjì òru.

Oògùn

Nifedipine, amlodipine, labetalol àti enalapril wà lára àwọn tí dókítà máa ń kọ fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìwọ̀nba tín-ín-rín ló ń dé inú omi ọmú, nítorí náà ẹ má tìtorí ọmọ sá fún un. Ṣùgbọ́n bí oṣù ọmọ kò bá pé kó tó wáyé, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀. Ẹni tó lo methyldopa nínú oyún, kó béèrè bóyá kí wọ́n pàrọ̀ rẹ̀, torí ó lè mú kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, èyí tí ìyá ìkókó kò nílò rárá.

Ẹ má dá a dúró nítorí pé nọ́ńbà ti dára. Oògùn náà ló mú un dára. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lẹ bímọ, ẹ ṣọ́ oògùn ọ̀fìnkìn tí kẹ́míìsì bá nà sí yín: èyí tó bá ní pseudoephedrine ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga, ó sì lè dín omi ọmú kù.

Ọ̀rọ̀ káún

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tiwa níhìn-ín ti yàtọ̀ sí ti àwọn ará Èkó. Ìyá Haúsá kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa gbé kùnú wá fún mi nínú kúlà, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Kunun kanwa ni, káún ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá ọmọ Haúsá máa ń mu ún ní ogójì ọjọ́ jego wọn, ìyẹn ìgbà ìtọ́jú lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n á tún máa fi omi gbígbóná gidi wẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní wankan jego. Àwa Yorùbá tó ti pẹ́ ní òkè ọya ti kọ́ ọ mọ́ tiwa.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ọmọ ìyá iyọ̀ ni káún. Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1974 ni àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Zaria ti kọ̀wé pé káún àti ooru yẹn lè wà lára ohun tó ń mú kí ọkàn àwọn ìyá ọmọ kan dá iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo olùwádìí tó tẹ̀ lé wọn ló gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 150 kò nílò àríyànjiyàn náà kó tó mọ̀ pé iyọ̀ kò bá òun lára mu. Mo bẹ ìyá náà pé kó máa se tèmi láìsí káún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò ní dùn, ó sì ń se é bẹ́ẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni màmá mi náà fi wẹ̀ mí, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá a jà.

Káún inú ewédú náà ni o. Iyọ̀ téèyàn ń jẹ lóòjọ́ kò yẹ kó tó gíráàmù 5, bíi ṣíbí tíì kan, magí, kílíṣí àti indomie sì wà nínú ìṣirò yẹn. Sóbò kò burú tí kò bá ní ṣúgà púpọ̀, àmọ́ kò lè rọ́pò oògùn.

Oorun

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìkómọ, kí ẹ̀yin jókòó. Ẹnì kan nínú ilé ni kó máa gba ọmọ lẹ́yìn tó bá ti mu ọmú tán, kí ìyá lè sùn wákàtí mẹ́ta láìdá. Màmá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá bí ọlọ́dẹ, àní pásítọ̀ pàápàá kò kọjá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, nọ́ńbà máa ń padà sí bó ṣe wà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Bó bá ṣì ga lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ẹ̀jẹ̀ ríru tó fẹ́ bá èèyàn gbé nìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró. Kí wọ́n tún yẹ ìtọ̀ yín wò. Fún ìfètòsọ́mọbíbí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀jẹ̀ yín ru, torí oògùn oníhóró tó ní estrogen lè gbé e sókè. Lúùpù tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tàbí èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, dára jù. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nítorí oyún sún mọ́ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ.

Bí oyún míì bá dé, ẹ má dúró kí ó hàn kí ẹ tó lọ forúkọ sílẹ̀. Dókítà lè ní kí ẹ lo aspirin kékeré láti ọ̀sẹ̀ 12, kí gìrì àti ẹ̀jẹ̀ ríru má bàa tún padà. Èmi ò ju ìwé tí mo ń kọ nọ́ńbà sí nù. Ọ̀sẹ̀ 13 oyún tó tẹ̀ lé e ni mo wà nígbà tí mo gbé e síwájú nọ́ọ̀sì, kó tó béèrè orúkọ mi.