Wo Inú Ihò: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Kó Ọpọ́n Ayò àti Ìlẹ̀kẹ̀ Àtijọ́ Jọ ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó bá ń gbé Ilé-Ifẹ̀, tó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun ń ra nǹkan àtijọ́, kò ní í pẹ́ tí àwọn tó ń tà á yóò fi mọ ojú ilé rẹ̀. Wọn á gbé ẹrù wá nínú ọ̀rá dúdú, ṣùgbọ́n ìtàn ni wọn á kọ́kọ́ tú kí wọ́n tó tú ọ̀rá. “Bàámi, ti bàbá bàbá wa ni. Ọba ló fi ta wọ́n lọ́rẹ.” Ìtàn yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sanwó fún, ohun tó wà nínú ọ̀rá wá di èènì. Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọpọ́n ayò. Ara òde ni wọ́n máa ń wò, bẹ́ẹ̀ ara òde ló rọrùn jù láti sọ di arúgbó. Pólíṣì bàtà, ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ń dà nù, èéfín, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ikán fẹnu bà á, ó parí. Ihò ni kí ẹ wò. Méjìlá ni ihò ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Gbogbo ìgbà tí ọ̀ta àti ọ̀pẹ bá jókòó tì í, ìka ni wọ́n fi ń gbá ọmọ jáde nísàlẹ̀ ihò. Ọpọ́n tí wọ́n ti ta dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ihò rẹ̀ á máa dán, etí ihò á ti rọ̀, kò ní í gún yín lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n gbẹ́ lánàá tí wọ́n sì kùn lónìí, ẹ ó bá ojú irin tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ nísàlẹ̀ ihò, pólíṣì á sì gbá jọ síbẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ nù ún. Bó bá gbé àwọ̀ dúdú jáde, tó tún ń rùn bíi bàtà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, kí ẹ sì jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ wo ojú sísán igi náà pẹ̀lú: èyí tó ti pẹ́, ìdọ̀tí á ti wọnú rẹ̀ jinlẹ̀, sísán tuntun máa ń funfun nínú.

Nígbà mìíràn, wọ́n á gbé pákó róbótó kan tó ní ihò 33 wá, wọ́n á ní ayò àwọn ìjòyè ni. Ayò kọ́ o. Eré òyìnbó tí wọ́n ń pè ní solitaire ni, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta á. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló ní ihò 33, ti Faransé ní 37. Àwọn tó ti London dé ló ń gbé irú rẹ̀ wálé, kò sì sí ohun tó burú nínú kí èèyàn rà á, bí kò bá ti san owó ìjòyè. Ìdánwò kan wà tó dára fún un. Igi máa ń sún kì ní ìbú ju bó ti ń sún kì ní òòró lọ, nítorí náà pákó róbótó tó ti dàgbà kì í sábà rí róbótó mọ́. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n lọ́nà méjèèjì. Bí ọ̀nà méjèèjì bá bára mu rẹ́gí, ẹ fura sí ọjọ́ orí tí wọ́n pè fún yín.

Bọ́ọ̀lù gíláàsì tó ń bá pákó yẹn rìn náà ní àmì tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ní Jámánì láyé ọjọ́un, ojú ibi tí wọ́n ti gé e kúrò lára ọ̀pá gíláàsì máa ń hàn, ó máa ń rí ṣákaṣàka. Ti ẹ̀rọ kò ní in. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tí kò ní ilà kankan nínú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, irú ìgò tí Hiram Codd, ará Gẹ̀ẹ́sì, gbàwé àṣẹ rẹ̀ ní 1872. Ẹni tó bá pè é ní ìlẹ̀kẹ̀ ọba tí wọn ò tíì lu, ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

Ti ìlẹ̀kẹ̀ ló ń já owó gbà jù. Gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ aláwọ̀ aró ni wọ́n ń pè ní sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye àtijọ́, tí ẹni tó ń rà á á gbé e sójú oòrùn, tí àwọ̀ ewé á yọ nínú rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Àwọ̀ tó ń yí padà bẹ́ẹ̀ dára lóòótọ́, àmọ́ òun nìkan ò tó ẹ̀rí; gíláàsì tuntun lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ wo bí ihò ṣe rí àti bí ilà inú gíláàsì ṣe rìn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fa gíláàsì rẹ̀ gùn kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́, bí ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe rí, ilà àti hóró afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa bá ihò lọ ní gbọọrọ. Èyí tí wọ́n wé mọ́ irin, ilà rẹ̀ á yí ihò ká, ìyẹ̀fun funfun sì lè kù nínú ihò bó bá jẹ́ tuntun. Ti Czech tí wọ́n fi mọ́ọ̀dù tẹ̀ lè ní ojú ìpàdé tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti àwọn Krobo ní Gánà ló dùn mọ́ mi jù: gíláàsì tí wọ́n gún kúnná ni wọ́n ń rọ sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á ki ọ̀pá ewé gbágùúdá bọ àárín rẹ̀, iná á jó ọ̀pá náà, ihò á kù. Ó rẹwà, ó sì yẹ ọrùn. Kò kàn lè jẹ́ sẹ̀gi Ifẹ̀ láéláé.

Ihò kẹta ni èyí tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní Igbó Olókun, níbí ní Ilé-Ifẹ̀, Abídèmí Babalọlá, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ inú ilẹ̀, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, iṣẹ́ tó ti wà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Èròjà gíláàsì náà yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá àti ti òyìnbó, ìyẹn ló jẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn baba wa ló pò ó. Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ bí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó nínú ilẹ̀ àti ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Èyí tí ẹnì kan fi ọkọ́ wú lóru, ẹ̀rí rẹ̀ ti kú. Kì í ṣe òyìnbó bíi Frobenius, ará Jámánì tó wá hú ilẹ̀ níbẹ̀ ní 1910, nìkan ló ba ibẹ̀ jẹ́. Àwa tí a ń rà á náà wà nínú ẹ̀bi.

Òfin sì wà. Òfin tó dá àjọ mùsíọ́mù àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1979 ò gbà kí ẹnikẹ́ni ra nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé àyàfi àjọ náà tàbí ẹni tó bá fún láṣẹ, iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sì wà lára ohun tó ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ẹnubodè láìgba ìwé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi “ó ti lé ní igba ọdún” polówó ọjà fún yín, wàhálà ló ń polówó. Ọpọ́n ayò àádọ́ta ọdún dára púpọ̀, ẹ rà á. Bí nǹkan bá jọ pé ó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, mùsíọ́mù wà ní Ẹnuwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ẹ gbé e lọ síbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò.

Ìlẹ̀kẹ̀ oyè tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé wá ní ìdákọ́ńkọ́? Ẹ ní kó mú olórí ẹbí rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ wọn kì í padà wá.

Ìmọ́tótó àṣejù ló kù. Ẹ má fi ọṣẹ abúfọ̀, háípò tàbí omi gbígbóná fọ ìlẹ̀kẹ̀: ooru òjijì ń sán gíláàsì, àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè tó sì wà lára èyí tó ti pẹ́, ìgbà ló fi síbẹ̀, ẹ má bó o. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó. Òwú ni kí ẹ fi sín in, kí ẹ ta kókó sáàárín ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ má baà dà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá já. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun igi lábẹ́ ọpọ́n, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Ẹ má bu kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì sá a sóòrùn, yóò sán. Ẹ fi ọ̀rá wé e pinpin, kí ẹ gbé e sínú fírísà tó tutù dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá náà títí òtútù yóò fi kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó tú u. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín, tí fírísà yọ́, ẹ tún ọ̀sẹ̀ méjì náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.