Bí oníbàárà bá ń kán yín lójú nínú gbàǹjo orí fóònù

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé Berger, owó ń bẹ lọ́wọ́ mi, ẹ kàn yọ ọjà yẹn kúrò níbẹ̀ ká parí ẹ̀ báyìí." Tẹ́ ẹ bá ń ta nǹkan ní gbàǹjo orí WhatsApp tàbí Facebook l'Ábújá níbí, irú mẹ́sééjì yìí máa wọlé síi yín dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ àlòkù àti máṣíìnì ìránṣọ lèmi ń tà ní Kubwa, bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn ni mo fẹ́ sọ, kí ọjà yín má baà bọ́ lọ́wọ́ yín lówó pọ́ọ́kú.

Kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò kankan síta, ẹ kọ òfin yín sílẹ̀. Tèmi máa ń rí báyìí: "Owó ìbẹ̀rẹ̀ 60,000 náírà, ẹni tó bá fẹ́ fi owó lé e, 2,000 ló kéré jù, gbàǹjo parí lọ́jọ́ Sunday aago mẹ́sàn-án alẹ́, mi ò ní tà á ṣáájú àsìkò yẹn." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí tẹ́nì kan bá wá bá yín ní ìkọ̀kọ̀, ẹ ò ní bá a jiyàn, ẹ kàn máa dà á kọ síbẹ̀ ni. Owó ìbẹ̀rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ iye tí kò ní dùn yín tó bá jẹ́ pé òun náà lẹ́ ẹ rí.

Ẹni tó ń kán yín lójú mọ iye tí ọjà náà tó, ó sì mọ̀ pé ìparí ni àwọn yòókù máa ń yọjú. Lórí eBay pàápàá, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ṣe gbàǹjo láti 1995, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró di ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó fi owó sílẹ̀. Èmi ta máṣíìnì kan 85,000 lọ́jọ́ Friday torí ọkùnrin kan ò jẹ́ n sinmi, nígbà tó di Sunday alẹ́ obìnrin kan ní òun ti tọ́jú 120,000 sílẹ̀ fún un. Ó dùn mí gan-an, àtìgbà yẹn ni mi ò ti tà ṣáájú àsìkò mọ́. Èsì mi ò gùn: "Ẹ ṣeun sà, ẹ fi iye tẹ́ ẹ fẹ́ san síbẹ̀ lójú gbogbo wa." Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lóòótọ́ á fi síbẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tẹ́ ẹ lè yẹ òfin yẹn ni tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì fi owó kankan sílẹ̀, tí iye tó sọ sì dáa; ẹ lè gbà nígbà yẹn, àmọ́ ẹ kéde ẹ̀ ní gúrúùpù. Tí ẹlòmíì bá ti fowó sílẹ̀ tẹ́ ẹ sì tà á báyìí, ẹ ti rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn.

Àwọn míì á ní "ọmọ Ọ̀ṣun ni mí bíi tiyín, ẹ má ṣe mí báyìí." Eléyìí máa ń wọni lára, torí ilẹ̀ ibòmíì la wà níbí, téèyàn bá gbọ́ Yorùbá, inú á rọ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹ má sì yí iye padà.

Èyí tó burú jù ni ẹni tó borí ní 95,000, tó wá dé ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ pàdé tó ní 70,000 lòun mú wá, pé jẹnẹrétọ̀ ń rú èéfín. Ó mọ̀ pé ẹ ti gbé ẹrù, ẹ ti sanwó mọ́tò, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ ṣe fídíò nígbà tẹ́ ẹ bá ń tan án, ká gbọ́ ohùn ẹ̀, ká rí èéfín ẹ̀ àti gbogbo ibi tó ti họ, kí ẹni tó borí wò ó kó sì kọ "mo gbà" kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ẹni tó ṣìkejì. Tí tọ̀hún bá ṣì ń já owó, ẹ ní "ẹnìkan ti sọ 93,000, màá pè é," kẹ́ ẹ gbé ẹrù yín padà. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ pàdé, níbi tí èrò wà.

Àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé bíi tẹ́ẹ̀sì kì í ṣe owó, inú áàpù báǹkì yín ni kẹ́ ẹ wò, bó bá ń pariwo pé disipáàshì ń dúró, ẹ jẹ́ kó dúró. Ẹni tó ní òun ṣèèṣì san lé, kẹ́ ẹ dá 40,000 padà kíákíá, ẹ má dá kọ́bọ̀ padà títí báǹkì fi sọ pé owó wọlé lóòótọ́.

Tí oníbàárà bá halẹ̀ pé òun máa kéde yín pé gbájúẹ̀ ni yín, ẹ má bínú fèsì, ẹ má pa mẹ́sééjì kankan rẹ́, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ lójú fóònù sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi han ádímínì gúrúùpù. Tó bá jẹ́ pé àbúrò yín l'Amẹ́ríkà ló ń bá yín tà á lórí eBay, wọ́n ka irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ níbẹ̀, kó fẹjọ́ sùn wọ́n. Ẹni tó bá sì ní ká parí ẹ̀ níta eBay, kó má gbà, òfin wọn ò fàyè gbà á, ààbò wọn ò sì tẹ̀ lé e jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ábújá, ẹ jẹ́ kí gbàǹjo yín parí lẹ́yìn tí owó oṣù bá ti wọlé.